Eré Nìkan Kò Lè Sọ Wọ́n Di Ojúlùmọ̀

Ìbéèrè: "Ẹ̀ka kan ni mo ń darí níbi iṣẹ́ wa. Ènìyàn 14 ni wá, èmi náà wà lára wọn. Kò sí ẹni méjì nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin la fọ́n ká sí, agogo wa kò sì bára mu. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí a máa ń ṣeré lórí Zoom fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ẹtì: ìdíje ìbéèrè, àlọ́ àpamọ̀, ká gbọ́ orin ká sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ara wọn yá sí i. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ti ń pa kámẹ́rà, àwọn kan ń wá àwáwí, ẹnì kan sì sọ fún mi pé iṣẹ́ ni mo fi ń kún iṣẹ́ òun. Síbẹ̀, nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tó ń dùn wọ́n, wọ́n ní àwọn kò mọ ara àwọn, pé ńṣe ló dà bíi pé olúkúlùkù ń dá ṣiṣẹ́. Eré wo ni kí n tún gbé wá?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá eré mìíràn. Ohun méjì tí àwọn ènìyàn yín sọ fún yín kò tako ara wọn rárá: ìjókòó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn ti sú wọn, ó sì ń wù wọ́n láti mọ ara wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dín iye àwọn tó ń jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kù sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ó máa wáyé láàárín àkókò iṣẹ́, kó sì máa wáyé déédéé. Eré ṣì máa wúlò, àmọ́ ẹ̀yìn ìyẹn ni kó tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ ká yẹ wákàtí kan ti ọjọ́ Ẹtì yẹn wò. Ènìyàn 14, ìṣẹ́jú 60. Bí ẹ bá tilẹ̀ pín in dọ́gba-dọ́gba, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì mọ̀ pé kì í pín dọ́gba. Àwọn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹnu wọn yá ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó ń darí eré yóò gba tirẹ̀, àwọn yòókù yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kámẹ́rà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà, kí ni ẹnì kan wá mọ̀ nípa ẹnì kejì tí kò mọ̀ láàárọ̀? Ó lè mọ̀ pé lágbájá mọ olú ìlú orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1995, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn ènìyàn tó ń fẹnu wérọ̀ láìsí ẹni tó ń darí wọn ṣe máa ń kóra jọ. Wọ́n rí i pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan kì í sábà ní ju ènìyàn mẹ́rin lọ. Bí ẹni karùn-ún bá yà síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yóò fi pín sọ́nà méjì. Nínú gbọ̀ngàn, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹ ó rí àwọn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjì lẹ́bàá fèrèsé. Lórí Zoom, tí gbogbo yín bá wà nínú yàrá kan ṣoṣo, kò ṣeé ṣe. Ohùn kan ṣoṣo ló lè jáde lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọmọ ìpàdé ló sì ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ bi ẹnì kejì pé "ṣé ara ìyá yín ti yá?" kò ní bi í lójú ènìyàn 12 yòókù.

Kí ni jíjìnnà síra wọn gbà lọ́wọ́ wọn gan-an? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, torí tí a kò bá mọ ohun tó sọnù, a ò ní mọ ohun tí a ó fi dípò. Ní àwọn ọdún 1970, Thomas Allen, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, wo bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó rí i pé bí ìjókòó ẹnì kan bá ṣe jìnnà sí ti ẹnì kejì tó ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń dín kù tó. Tí àlàfo náà bá ti tó nǹkan bíi mítà 50, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Mítà 50 péré! Ẹ wá ro tiyín tí òkun wà láàárín àwọn kan.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọnù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé, torí ìpàdé ṣì ń wáyé. Ọ̀rọ̀ àìròtẹ́lẹ̀ ni: "Ó jọ pé o ò sùn dáadáa lánàá", "Ta ló mọ bí a ṣe ń ṣí fáìlì yìí?" Àwọn olùṣèwádìí ní Microsoft wo bí òṣìṣẹ́ 61,182 tí ilé-iṣẹ́ náà ní ní Amẹ́ríkà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà lé gbogbo ènìyàn wọlé. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ túbọ̀ há mọ́ àárín ìwọ̀nba tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, okùn tó so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀ka mìíràn ń já, ímeèlì àti àtẹ̀jíṣẹ́ sì gba ipò ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Nítorí náà, àyè láti pàdé ara wọn láìròtẹ́lẹ̀ ni ẹ ní láti dá padà fún wọn. Àríyá kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tó sọnù ni àǹfààní láti mọ ìdí tí ẹnì kan fi dákẹ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Níbi tí a kò ti rí ojú, ọkàn á máa kọ ìtàn tirẹ̀. Olùṣèwádìí kan, Catherine Cramton, kọ nípa èyí ní ọdún 2001, lẹ́yìn tó ti wo àwọn ẹgbẹ́ tó jìnnà síra wọn: bí ẹnì kan kò bá dáhùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lókèèrè máa ń sọ pé ìwà rẹ̀ ló burú, nígbà tó jẹ́ pé ipò tó wà ló fà á, tí wọn kò sì lè rí i.

Mo rí irú rẹ̀ láàárín obìnrin kan tó ń bójú tó ìṣirò owó àti ọkùnrin kan tó ń ya àwòrán fún ìkànnì ilé-iṣẹ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti gbà pé ọkùnrin yìí kò ka òun sí, nítorí bó ti wù kí àlàyé òun gùn tó, "Ó dáa" ni gbogbo èsì rẹ̀. Mo fi àwọn méjèèjì pọ̀, mo sì ní kí wọ́n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀: níbo lo máa ń wà tí àtẹ̀jíṣẹ́ mi bá dé? Ọkùnrin náà ní inú bọ́ọ̀sì ni, pé òun ń mú ọmọ òun lọ sílé-ìwé lásìkò yẹn, ọwọ́ kan di ọmọ mú, ọwọ́ kejì di fóònù mú, àtàǹpàkò nìkan ló ráyè. "Áà, ṣé ohun tó fà á nìyẹn?" Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, ó máa ń dúró kí ọkùnrin náà délé kó tó fi èyí tó gba àlàyé ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó ló gba wọ́n? Kò tó ọgbọ̀n.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ìjíròrò ẹni méjì-méjì jẹ́ òpó ètò yín. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pín àwọn 14 sí ìpín méje, ẹni méjì nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 25. Bí ẹ bá ń yí i tí ẹnì kan kò fi pàdé ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìyípo 13 ni yóò gbà kí olúkúlùkù tó bá gbogbo àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ 26 nìyẹn, ìdajì ọdún. Bí ẹ bá ń lo Slack, ìyẹn ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Donut, tó máa ń so ènìyàn pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ kì í bá lò ó, ojú ìwé Excel kan tó. Bí ẹnì kan bá wà lẹ́nu ìsinmi, ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́ta wà pọ̀. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lóun nìkan.

Inú àkókò iṣẹ́ ni kó wà o. Ẹ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà bí ẹ ṣe ń kọ ìpàdé, kí ẹ sì mú nǹkan mìíràn kúrò láti fi àyè gbà á. Ẹni tó sọ fún yín pé ẹ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ òun kò purọ́: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì jẹ́ àkókò tirẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. GitLab, ilé-iṣẹ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ibi tí wọ́n bá wà, kọ irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ báyìí sínú ìwé ìlànà rẹ̀ tí gbogbo ayé lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kà á mọ́ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀yin náà kà á.

Kí ni wọn ó máa sọ? Ẹ má sọ fún wọn pé "ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀", nítorí ẹni tí kò mọ ẹnì kejì yóò bi í nípa ojú ọjọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Arthur Aron, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1997: wọ́n fi àwọn tí kò mọra rí sí méjì-méjì fún ìṣẹ́jú 45. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ṣe tiwọn, àwọn kan sì ń bi ara wọn ní ìbéèrè tó ń jinlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń dáhùn. Àwọn tó dáhùn ìbéèrè yìí sún mọ́ ara wọn gan-an ju àwọn tó kù lọ. N kò ní kí ẹ gbé àwọn ìbéèrè wọn wá síbi iṣẹ́, torí òmíràn nínú wọn wọ inú ju ohun tó yẹ láàárín alábàáṣiṣẹ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ mú: kí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó rọrùn, kí ó máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì dáhùn.

Ẹ fún wọn ní mẹ́ta ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni: "Apá wo nínú iṣẹ́ rẹ ni àwa yòókù kì í rí?" Ẹni tó bá dáhùn ìyẹn yóò sọ̀rọ̀ gan-an, torí ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú kí ẹnì kan bi í. Òmíràn: "Nígbà tí nǹkan bá há fún ọ, ṣé o fẹ́ kí ènìyàn wá ràn ọ́ lọ́wọ́ ni, àbí kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ ná?" Òmíràn: "Ta ló kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, kí sì ni nǹkan tí ẹni náà sọ tí o kò gbàgbé?" Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn ọ̀kan, kó fò ó. Kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ìròyìn wá fún yín lórí ohun tí wọ́n sọ. Ọjọ́ tí ẹ bá bi wọ́n pé "kí lẹ sọ?" ni ìfọ̀kàntán náà yóò bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìyípo, pàápàá fún àwọn ẹni tuntun. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2020, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Iavor Bojinov, Prithwiraj Choudhury àti Jacqueline Lane, bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan dán an wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ láti ilé. Àwọn tí wọ́n fún láǹfààní láti bá àwọn ọ̀gá àgbà fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ètò iṣẹ́ kankan ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sì túbọ̀ rí iṣẹ́ gbà lẹ́yìn náà. Tó bá wá kàn yín, ẹ má bèèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Ìṣẹ́jú 25 péré ni. Ẹ mú un mọ́ra.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí eré. Ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì lo àwọn yàrá kéékèèké tí Zoom ní láti pín ènìyàn sí mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. N kò fẹ́ràn ìdíje ìbéèrè fún tíìmù tó wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, bí Kahoot, ètò ìdíje ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tilẹ̀ mú kó rọrùn láti ṣe. Ẹni tó yára àti ẹni tó dàgbà síbi tí wọ́n ti mú ìbéèrè ló ń borí. Ẹni tó kàwé ní èdè mìíràn yóò jókòó bí àlejò. Ohun kan náà ló ṣe orin tí ẹ ń gbọ́: orin ta ni?

Ẹ gbìyànjú Gartic Phone. Inú bùráúsà ló ń ṣiṣẹ́, ẹ kò ní san owó. Olúkúlùkù á kọ gbólóhùn kan, ká ní "ewúrẹ́ tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú." Ẹlòmíràn á gbà á, á yà á. Ẹni tó kàn kò ní rí gbólóhùn náà, àwòrán nìkan ló máa rí, á wá kọ ohun tó rò pé ó jẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e á ya ohun tí ìyẹn kọ. Nígbà tó bá yí ká, ewúrẹ́ lè ti di ọba tó wọ fìlà sórí àga. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí wọ́n tẹjú mọ́, ẹni tí kò mọ àwòrán yà ló sì ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín jù. Àwọn onítìjú máa ń tàn níbẹ̀. GeoGuessr náà dára fún ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin: a ó rí òpópónà kan níbì kan láyé, a ó jọ máa wo àkọlé, igi àti ojú títì láti fi mọ orílẹ̀-èdè wo ni. Ó ń jẹ́ kí wọ́n jọ ronú, ẹni tó sì mọ irú ibẹ̀ á di olùkọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ yẹra fún èyí tó ń fipá tú àṣírí ènìyàn. "Ẹ mú fọ́tò ìgbà èwe yín wá" ń dùn mọ́ ẹni tí ìgbà èwe rẹ̀ dùn. "Ẹ sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa yín" náà rí bẹ́ẹ̀.

Nípa kámẹ́rà tí wọ́n ń pa: ẹ má fi bínú. Jeremy Bailenson ti Yunifásítì Stanford ṣàlàyé ní ọdún 2021 ìdí mẹ́rin tó ṣeé ṣe kí ìpàdé olójú-kámẹ́rà fi máa ń tán ènìyàn lókun: ojú ńlá tó sún mọ́ni jù tó ń wò wá láìṣẹ́jú, rírí ara ẹni ní gbogbo ìgbà, àìlè kúrò lójú kan, àti làálàá tí ọpọlọ ń ṣe láti ka ìṣesí ẹlòmíràn lórí ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fi àwòrán ara wọn pamọ́ fún ara wọn lórí Zoom. Ibi tí wọ́n á tẹ̀ kò le. Fún ìjíròrò ẹni méjì, ẹ gbà wọ́n láyè kí wọ́n fi fóònù sétí, kí wọ́n máa rìn kiri. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó dára ni ẹni tó ń rìn máa ń sọ.

Ti agogo tí kò bára mu, ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan náà máa jí lóru fún ìpàdé. Ẹ máa yí ìnira náà ká, kí ó sì kan ẹ̀yin náà. Èkejì, ẹ ní ohun kan tí kò gba pé kí gbogbo yín wà lójúfò lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ gbé ìbéèrè kan sórí ojú ewé tíìmù yín, kí olúkúlùkù dáhùn nígbà tó bá jí: fọ́tò ohun tó wà lójú fèrèsé rẹ, ohùn ìṣẹ́jú kan nípa ohun tó yọ ọ́ lẹ́nu lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, kí èsì yín má sì dán jù. Bí ọ̀gá bá fi fọ́tò tábìlì tó kún fún ìwé tó fọ́n ká ránṣẹ́, àwọn tó kù á mọ̀ pé àwọn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí ó lágbára ju gbogbo eré lọ, òun sì ni kí wọ́n jọ parí iṣẹ́. Ẹ wá ohun kékeré kan tó ń yọ gbogbo yín lẹ́nu, irú bíi fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà, kí ẹ fún àwọn méjì tí kì í ṣiṣẹ́ pọ̀ ní wákàtí méjì láti tún un ṣe. Kí wọ́n ṣí máìkù sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹ dárúkọ àwọn méjèèjì lójú gbogbo tíìmù, kí ẹ sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Mo fẹ́ fi èyí kún un: bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ ju agbára wọn lọ, tàbí tí owó oṣù kò dé lásìkò, gbogbo ohun tí mo sọ yìí kò ní ta. Ẹ yanjú ìyẹn ṣáájú.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ má ka iye tó wá sípàdé, torí ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀gá náà á wá. Lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀: "Bí nǹkan bá há mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́la, ta ni o lè pè nínú wa láìkọ́kọ́ bi mí?" Ẹ kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún bi wọ́n. Bí àwọn orúkọ bá pọ̀ sí i, tí àwọn tí iṣẹ́ wọn kò pàdé sì ń dárúkọ ara wọn, ẹ wà lọ́nà. Bí ẹnì kan bá wà tí orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ má bá a wí, ẹ má sì dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Nínú ìyípo tó kàn, ẹ fi í pẹ̀lú ẹni tó mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ jù nínú yín, kí ẹ sì fún àwọn méjèèjì ní ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ wákàtí méjì yẹn.